Kọ̀ǹpútà tó mọ ọjọ́ tó máa dá owó oṣù dúró, ó yẹ kó mọ ọjọ́ tí pẹ́ńṣàn máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọjọ́ gbogbo. Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn ni mo fẹ́ sọ, mo sì ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde bó ṣe rí, torí àwọn tọ́rọ̀ ọ̀hún ń dùn jù kì í sábà lókun àtijókòó kọ lẹ́tà. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, ìdí kọ̀ǹpútà àti skánà ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, torí pé ibi tá a wà ò jìnnà sáwọn ọ́fíìsì ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n á ní kí n báwọn ṣe I Am Alive, ìyẹn ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n á ní kí n báwọn skáàn ìwé, wọ́n á gbé fóònù fún mi pé kí n ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, tá a bá wá ṣe gbogbo ẹ̀ tán wọ́n á bi mí pé ìgbà wo lowó máa wá wọlé báyìí, ìbéèrè yẹn ni mi ò rí dáhùn, ó sì máa ń ká mi lára gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ìjọba ló gba èèyàn síṣẹ́, òun ló fún un ní nọ́ńbà, òun ló ń gbé e láti ìlú kan lọ sí ìkejì, òun ló ń yọ owó orí àti owó pẹ́ńṣàn lára owó ẹ̀ lóṣooṣù kó tó kan án lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá wá fẹ̀yìn tì tán, ìjọba kan náà á ní kó lọ wá ẹ̀rí wá pé lóòótọ́ lòun ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ta ni fáìlì wà? Ọ̀dọ̀ ìjọba ni. Kí ló wá dé tó jẹ́ àgbàlagbà tẹ́sẹ̀ ń dùn ló ń gbé nálọ́ọ̀nù ìwé kiri láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn?

Ẹ jẹ́ n sọ ti màmá kan fún yín. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún tí wọ́n sì lọ sinmi. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wọn ti fẹ́ ẹ̀ já síbi tí wọ́n ti ká a, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, sẹ́lótéèpù yẹn gan-an ti gbó ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yíǹkì táípù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti ṣá débi pé tí iná skánà bá kọjá lórí ẹ̀ pẹ́pà funfun ló kù. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù mo fi kún un, mo tún fi fóònù ya á lójú oòrùn níta, ká tó rí ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ kà. A tún wá dórí orúkọ. Orúkọ bàbá wọn ló wà lórí lẹ́tà yẹn torí pé wọn ò tíì relé ọkọ nígbà náà, orúkọ ọkọ ló wà lórí pẹ́ísílíìpù, àwọn tó ṣe NIN fún wọn gbàgbé H kan nínú orúkọ, àwọn tó ṣe BVN ní báńkì sì fi orúkọ ẹ̀yìn ṣe tiwájú. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ, wọ́n dá wọn padà, wọ́n ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, wọ́n búra tán, wọ́n tún ní kí wọ́n lọ kéde àyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ wo ojú ìwé ìkéde àyípadà orúkọ yẹn dáadáa lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé obìnrin ló kún ibẹ̀ bámú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì yí orúkọ kankan padà, ọkọ ni wọ́n fẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ yẹn, wọ́n mọ̀ wọ́n! Àwọn ló fi lẹ́tà sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó pé àwọn ti gba orúkọ tuntun wọlé, wọ́n sì fi orúkọ yẹn sanwó fún wọn títí wọ́n fi lọ. Lẹ́tà yẹn ló sọnù nínú fáìlì wọn. Ẹni tó sọ ọ́ nù ò rìn, ẹni tí ò sọ nǹkan kan nù ló ń wọ mọ́tò kiri.

Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn kọ́ ló mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pàápàá, ọ̀pọ̀ ni ò mọ ibi tí tiwọn já sí, torí náà ẹ jẹ́ n là á sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni pẹ́ńṣàn ìjọba àpapọ̀. Ti àtijọ́ ni èyí tí ìjọba ń dá gbogbo owó ẹ̀ san látinú àpò ara ẹ̀, òṣìṣẹ́ ò dá kọ́bọ̀ sí i, wọ́n á fún un ní gràtúítì lọ́jọ́ tó bá ń lọ, wọ́n á sì máa san pẹ́ńṣàn fún un lóṣooṣù. Iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ PTAD ló ń rí sí àwọn yẹn láti ọdún 2013. Ìkejì ni ti àdájọ, òfin ọdún 2004 tí Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n wá tún òfin náà ṣe lọ́dún 2014 nígbà Jonathan, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ PenCom ló ń mójú tó o. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń dá, ìjọba náà á dá 7.5, òfin 2014 ló sọ ọ́ di 8 fún òṣìṣẹ́ àti 10 fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Owó yẹn á lọ sínú àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní RSA, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, iléeṣẹ́ PFA tí òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ yàn láá máa fi owó náà ṣòwò, àmọ́ iléeṣẹ́ mìíràn ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ PFC ló mú owó dání. Mo fẹ́ràn apá yẹn, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ń pinnu ibi tí owó máa lọ kọ́ ni owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn ò jẹ́ kó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gbé e sálọ, ẹni tó bá sì ti rí i pé owó òun ti wọ RSA lóòótọ́, ó lè fọkàn balẹ̀ ju àwọn tí tiwọn wà lọ́wọ́ ìjọba lọ.

Àwọn tó há sáàárín ni wàhálà pọ̀ fún jù, ìyẹn àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ kí ọdún 2004 tó dé, tí wọ́n wá fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ kí òfin tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba jẹ wọ́n lówó ẹ̀, accrued rights ni wọ́n ń pe owó yẹn, tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì ló yẹ kí ìjọba kó o sínú RSA wọn kó lè dara pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè pé grade level wo lẹ wà ní oṣù kẹfà ọdún 2004, step wo sì ni, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tó fọwọ́ lérí nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ta ló ń rántí step tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù kan báyìí ní ogún ọdún sẹ́yìn? Ẹni tó ń san owó oṣù nígbà náà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, ó sì wà nínú ìwé tiwọn.

Òfin ò sì fi owó yẹn sílẹ̀ lásán o. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù táwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń gbà sọ́tọ̀ lóṣooṣù sínú àpò kan ní báńkì àpapọ̀, CBN, kó lè jẹ́ pé tí ẹnì kan bá ń fẹ̀yìn tì owó ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lowó tí wọ́n ń fi síbẹ̀ ò tó, gbèsè wá ń gorí gbèsè, àwọn èèyàn ń fẹ̀yìn tì wọ́n ń dúró. Lóṣù kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdù owó tó tó N758 bílíọ̀nù láti fi san gbèsè pẹ́ńṣàn tó wà nílẹ̀. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ro èrò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, owó tó yẹ kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni wọ́n wá ń yá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, bí wọ́n bá san án tán tí wọn ò sì máa fi ìdá 5 yẹn síbẹ̀ bó ṣe yẹ, ọdún díẹ̀ sí i a ó tún padà síbi tá a wà.

Àwọn ìpínlẹ̀ wa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin tiwọn láti ọdún 2007, gbogbo ìgbà la sì máa ń rí i tí wọ́n ń pe àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì jọ tí wọ́n ń fún wọn ní ìwé bọ́ǹdù wọn, ìyẹn ìwé owó tí ìjọba jẹ wọ́n fún ọdún iṣẹ́ àtijọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ míì wà tó jẹ́ pé wọ́n gba òfin náà wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lára owó oṣù àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí owó tí wọ́n yọ ò dé RSA. Ìyẹn burú ju kí wọ́n má yọ ọ́ rárá lọ. Owó òṣìṣẹ́ ni, wọ́n ti yọ ọ́ lórí pẹ́ísílíìpù ẹ̀, ó rí i pé wọ́n yọ ọ́, ó lọ sílé ó gbà pé wọ́n ń bá òun tọ́jú ẹ̀. Gómìnà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti lo owó olówó, ìkíni kú ọdún tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn fáwọn àgbà ò lè dí i.

Ẹ jẹ́ n tún fi ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Abala 173 nínú òfin ọdún 1999 sọ pé ó kéré tán, ọdún márùn-márùn-ún ni kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn yẹ̀ wò, tàbí ìgbàkigbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Abala 210 sọ ohun kan náà fún àwọn ìpínlẹ̀. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di N70,000 lóṣù keje ọdún 2024, wọ́n fi N32,000 kún ti àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, wọ́n ṣe dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yẹn ò rọrùn kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn tó wà lábẹ́ àdájọ wá ń béèrè pé àwa ńkọ́? Iye tó wà nínú RSA wọn ni wọ́n ń pín fún wọn lóṣooṣù, lóòótọ́ PenCom máa ń fi díẹ̀ kún un nígbà míì látinú èrè, àmọ́ ọjà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin 2014 fúnra ẹ̀, ní abala 84, sọ pé kí iye kan wà tí pẹ́ńṣàn ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ọdún 2014 nìyẹn o. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí láyé mọ́.

Mo mọ ohun táwọn aláṣẹ máa sọ, wọ́n á ní bá ò bá béèrè ẹ̀rí léraléra, àwọn ayédèrú á gba owó. Ó yẹ ká dáhùn ìyẹn dáadáa, torí orí ẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo wàhálà yìí kà. Ta ló jí owó pẹ́ńṣàn ní Nàìjíríà? Ẹ jẹ́ ká wo àkọsílẹ̀ kóòtù. Lọ́dún 2013, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ọlọ́pàá gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn owó bílíọ̀nù, wọ́n ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san N750,000, gbogbo ìlú figbe ta, ó di ọdún 2018 kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà tí wọ́n sì ní kó dá owó padà. Abdulrasheed Maina tí wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ kó tún pẹ́ńṣàn ṣe, ọdún 2021 ni kóòtù rán òun náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ nítorí owó pẹ́ńṣàn. Àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Kò sí màmá nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, kò sí bàbá rélùwéè kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń jí owó ló ní kọ́kọ́rọ́ fáìlì, ẹni tí wọ́n wá ń dá dúró sí oòrùn láti yẹ̀ wò ni ẹni tí wọ́n jí owó ẹ̀.

A ṣì rántí ayẹ̀wò ti ìgbà kan, tí wọ́n á kó àwọn àgbàlagbà jọ sí gbàgede kan láti ìdájí, àwọn kan á dákú, àwọn kan ò sì padà sílé mọ́. I Am Alive tí PTAD wá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ohun tó dáa ni, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo yìn wọ́n. Bàbá lè jókòó sílé ọmọ ẹ̀, kí wọ́n fi fóònù ya ojú ẹ̀, kó parí. Àmọ́ bó ṣe ń rí gan-an lójú táwa tá à ń bá wọn ṣe é rèé. Ẹni tójú ń dùn, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, fóònù ò dá a mọ̀ torí fọ́tò tó wà lórí NIN ẹ̀ ti pẹ́, ó sì ti rù. Ẹni tí wọ́n bá ní kó tẹ ìka, ìka ẹ̀ ti yọ́ pátá, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fi oògùn apakòkòrò fọwọ́ fún ọgbọ̀n ọdún àtàwọn tó ti ń dáko látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, mo máa ń fi aṣọ tútù nu ìka wọn, kí wọ́n fi òróró díẹ̀ ra á, ká gbìyànjú àtàǹpàkò, ká gbìyànjú òmíràn, ẹ̀rọ á kàn máa sọ pé rárá. Ojú máa ń tì wọ́n bíi pé àwọn ló ṣẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ti sọnù, àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé kóòdù wá ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù nígbà tá a bá pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́.

Àwọn jìbìtì náà sì ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni owó wà. Wọ́n á pe àgbàlagbà, wọ́n á mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n á ní owó yín ti fẹ́ wọlé ẹ ka kóòdù tẹ́ ẹ rí fún wa, tó bá ti kà á tán ohun tó wà ní báńkì ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn òbí yín nílé: kò sí owó kankan tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gbà kó tó ṣe ayẹ̀wò pẹ́ńṣàn fún wọn ní ọ́fíìsì ìjọba, kóòdù báńkì ò sì kan pẹ́ńṣàn rárá.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba máa fẹ̀yìn tì, kì í ṣe àṣírí. Ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, àwọn tíṣà ti wá di 65 tàbí 40 láti ìgbà tí òfin wọn jáde lọ́dún 2022. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ni wọ́n ti mọ ọ̀nà àtilọ ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó oṣù mọ ọjọ́ yẹn dáadáa, torí tí ọjọ́ náà bá ti pé, orúkọ èèyàn á jáde fúnra ẹ̀, kò ní sí owó oṣù tó ń bọ̀, kò ní dúró de fọ́ọ̀mù kankan, kò ní béèrè lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ńṣàn. Tó bá ku ọdún méjì kí èèyàn lọ, kí ọ̀gá rejísírì ibi iṣẹ́ ẹ̀ gbé fáìlì ẹ̀ jáde, kí wọ́n pè é nígbà tó ṣì ń gba owó oṣù, tó ṣì lágbára, tó ṣì mọ ẹnu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì, kí wọ́n fi orúkọ lẹ́tà wé orúkọ NIN wé ti BVN, ibi tí kò bá ti bára mu, kí iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, àti báńkì. Lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ yẹ kó tó fún orúkọ ọkọ, kò yẹ kó di ìbúra ní kóòtù. Tí ìwé kan bá sọnù nínú fáìlì, iléeṣẹ́ ni kó wá a, tí wọn ò bá rí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ló sọ ọ́ nù, kí ètò máa lọ. Oṣù tí owó oṣù bá parí ni kí pẹ́ńṣàn tẹ̀ lé e. Ọ̀gá rejísírì tó bá jẹ́ kí ẹnì kan lọ sílé láìparí fáìlì ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì ti òun náà, kí wọ́n rántí ẹ̀ nígbà tó bá ń retí ìgbéga.

Ní ti bóyá èèyàn ṣì wà láàyè, ìjọba ìbílẹ̀ wà, wọ́ọ̀dù wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé fún abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá gba ìka ẹ̀, kí wọ́n lọ bá a nílé. NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, ló sì ń forúkọ àwọn tó kú sílẹ̀, ẹ̀ka ìjọba kan náà ni wọ́n, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ aládàáni náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ọ̀gá tó bá ti ní òṣìṣẹ́ tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lábẹ́ òfin àdájọ yẹn, ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ló sì ní lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù láti fi owó pẹ́ńṣàn ránṣẹ́. Tó bá jókòó lé e, ìtanràn tí ò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló yẹ kó máa san lóṣooṣù, PenCom sì ní àwọn tó ń bá wọn gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ RSA yín lọ́wọ́ PFA, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Tí PFA yín ò bá ṣe dáadáa, láti ọdún 2020 lẹ ti lè yí padà sí òmíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tó ń ṣòwò fúnra wọn, télọ̀, onímọ́tò, oníṣọ́ọ̀bù, láti 2019 ni tiyín náà ti wà, ẹ lè máa dá iye tí agbára yín gbé, àwọn tó gbọ́ ọ ò kàn pọ̀ ni.

Kì í ṣe pẹ́ńṣàn nìkan ni irú ìwà yìí wà o. Nígbà tí wọ́n kéde N25,000 fún ìdílé mílíọ̀nù 15 lọ́dún 2023, wọ́n san fún àwọn kan, wọ́n dá ètò náà dúró lóṣù kìíní ọdún 2024 nígbà tí ẹ̀sùn owó kan ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, àwọn ọ̀gá ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, opó tó ń retí owó ẹ̀ lábúlé ni owó dúró fún, wọ́n tún ní kó lọ ṣe NIN kí wọ́n tó lè san án. Àwọn ọmọ N-Power tí ìjọba gbà láti ọdún 2016, tí wọ́n ń fún àwọn tó kàwé gboyè nínú wọn ní N30,000 lóṣù títí dìgbà tí wọ́n dá a dúró, àwọn kan nínú wọn ṣì ń bi mí bóyá wọ́n ti san gbèsè tó kù. Àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ NDE wà láti ọdún 1986 láti kọ́ àwọn tí ò ríṣẹ́ níṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ò mọ ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Ẹni tó nílò nǹkan ló máa ń dá wá a kiri, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gbé e wá bá a á jókòó.

Ẹ̀yin olóòtú, mo ní ìbéèrè kan lọ́dọ̀ yín náà. Ẹ bá wa ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ máa tẹ orúkọ àwọn ìwé tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó fẹ̀yìn tì síbẹ̀: lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ múlẹ̀, ti ìgbéga, ẹ̀rí ọjọ́ orí, pẹ́ísílíìpù, grade level àti step ọdún 2004, NIN, BVN, nọ́ńbà PEN. Àwọn màmá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí á rí i kà, wọ́n á lọ yẹ ìwé wọn wò nígbà tí wọ́n ṣì lè bá akọ̀wé rejísírì jà. Kẹ́ ẹ sì bá wa bi kọmíṣánnà tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè, kẹ́ ẹ gbé ìdáhùn wọn jáde pẹ̀lú orúkọ wọn: àwọn tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, èèyàn mélòó ni, fáìlì mélòó nínú wọn lẹ ti parí?

Èmi ni tiyín,
Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan, Ìbàdàn.